Ọdẹ́bùnmi Gbé Àjẹsára La Igbó Àìdákẹ́ Já

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin àlejò. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro, kó nà án tàntàn. Ẹni tí ń jẹ gúgúrú, kó rọra máa rún un kí n lè gbọ́ ohùn ara mi. Ìtàn ìrọ̀lẹ́ yìí, bí ẹ bá gbà á gbọ́, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Bí ẹ kò bá gbà á gbọ́, ẹ ó ṣì rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò ní pàdánù.

Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́wọlé tí ẹfọ̀n rí lókèèrè tó yí padà, tó sì sá títí tó fi gbàgbé ibi tó ń lọ. Igbó tí àwọn ọdẹ mìíràn kì í fẹ́ dárúkọ, èmi a máa sun oorun ọ̀sán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti àbúrò mi ni, Ọdẹ́bùnmi, ọmọ ìyá mi obìnrin. Èmi gan-an ni ǹ bá rin ìrìn náà, eyín ló dá mi dúró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí ẹni tó fi ọsàn pamọ́ sẹ́nu. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ọjọ́ tí eyín bá ro ọ́, wá bá mi ká jọ rẹ́rìn-ín.

Ọdẹ ni baba tó bí wa. Nígbà tó ń kọ́ mi bí a ti ń yìnbọn, Ọdẹ́bùnmi dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé èmi ni mò ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà lè rin orí ewé gbígbẹ kí ewé náà má mọ̀. Nígbà tí mò ń wí yìí, ó ti di ìyá àgbà, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ṣijúadé, tó lọ́kọ sí Òkè-Ẹyẹlé, ti bí ọmọ tuntun kan tí wọ́n sọ ní Dúródọlá.

Òjò ọdún náà kò mọ àsìkò tó yẹ kó dá. Odò tó wà láàárín Ìlákọ, níbi tí àwa ń gbé, àti Òkè-Ẹyẹlé kún, ó gbé afárá lọ, mọ́tò kò lè kọjá mọ́, ọkọ̀ ojú omi kò sì lè dúró lórí rẹ̀. Àfi bí Ṣijúadé ṣe pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ó ní, "Ìyá mi, ikọ́ àwúbì ti wọ ìlú wa o."

Ọdẹ́bùnmi jókòó sílẹ̀ láìmọ̀ pé òun jókòó. Ikọ́ yìí kì í ṣe ikọ́ tí a ń fún lóyin lá. Bó bá gbá ọmọdé mú, á máa wú u léraléra, kò ní jẹ́ kó mí, ojú ọmọ á pọ́n, ètè rẹ̀ á dúdú, kó tó wá fa èémí sínú pẹ̀lú igbe kan báyìí bí igbe àkùkọ. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni, nígbà mìíràn èémí náà kì í padà wá. Wọ́n ti sin ọmọ kan ní Òkè-Ẹyẹlé.

Ọdẹ́bùnmi bi í pé, "Dúródọlá ńkọ́?"

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, Ìyá mi. Ṣùgbọ́n ti ilé kejì ti bẹ̀rẹ̀."

Ọdẹ́bùnmi dìde. Ó gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń rìn bí ẹni tí ẹnìkan ń pè níwájú. Òun náà ti gbọ́. Ó ní oògùn àjẹsára tí ó lè dáàbò bo àwọn ọmọ tí ikọ́ náà kò tíì mú wà nínú fíríìjì òun, ó sì pọ̀ tó. Ọ̀nà tí yóò gbà débẹ̀ ni kò sí.

Ọdẹ́bùnmi ní, "Ọ̀nà wà. Igbó Àìdákẹ́ kò ní odò."

Nọ́ọ̀sì Ìbídùn wò ó títí. Ó ní, "Màmá Ṣijú, wọ́n ní iwin wà níbẹ̀."

"Wọ́n wà níbẹ̀. Ta ni kò mọ̀ wọ́n? Di ẹrù rẹ, ọmọ mi."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì gbé kúlà ńlá kan jáde, ó kó àwọn ike omi tó ti dì gbagidi láti inú fíríìsà, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó sì káwọ́ gbera, ó ń wò wọ́n. Ọdẹ́bùnmi ti gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, kí la ń dúró dè?"

"À ń dúró dè wọ́n kí wọ́n làágùn ni, Màmá."

"Kí yìnyín làágùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Títí tí a ó fi mì wọ́n tí a ó gbọ́ ìró omi nínú wọn. Bí mo bá kó wọn sínú kúlà báyìí, wọn á mú oògùn náà dì. Oògùn yìí, bí ooru bá pa á, ó bàjẹ́ nìyẹn. Bó bá sì dì lẹ́ẹ̀kan péré, bó tilẹ̀ yọ́ padà, omi lásán la ó máa fi gún ọmọ ọlọ́mọ."

Ọdẹ́bùnmi ya ẹnu. Ó ní, "Kò fẹ́ ooru, kò fẹ́ òtútù. Irú àlejò wo rèé?"

"Ó fẹ́ òtútù díẹ̀, Màmá mi. Díẹ̀ yẹn gan-an ni wàhálà wa."

Ó fi tẹmómítà kan tí ń wọn ooru àti òtútù hàn án, tí ojú rẹ̀ wà lára kúlà níta, kí wọ́n lè máa wò ó láìṣí ìdérí. Ó ní àárín méjì sí mẹ́jọ ni kó máa wà, kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju méjì lọ, kò gbọdọ̀ gòkè ju mẹ́jọ lọ, ìdérí kò sì gbọdọ̀ ṣí ní ìṣíkúṣìí. Nígbà tí àwọn ike náà làágùn tán, ó tò wọ́n, ó to àwọn ìgò oògùn sáàárín, ó dé e pa. Ó gbé abẹ́rẹ́ àti àwọn oògùn tí yóò fún àwọn tó ti ń húkọ́ sínú báàgì ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi fi ọ̀já gbé kúlà pọ̀n bí ọmọ, wọ́n sì wọ igbó.

Mi ò ní máa ròyìn bí wọ́n ṣe rìn fún yín. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn.

Ìdí tí wọ́n fi ń pe igbó náà ní Àìdákẹ́ ni pé àwọn igi ibẹ̀ kì í pa ẹnu dé. Bí ènìyàn bá ń kọjá lọ, wọn á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Igi àràbà kan ní, "Ẹ wo ìyá àgbà tó pọn àpótí." Igi kejì ní, "Bóyá ọmọ tirẹ̀ ló ní igun mẹ́rin." Ni gbogbo igbó bá bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì Ìbídùn ń gbọ̀n bí ewé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bàtà rẹ̀, inú bí i, ẹ̀rù sì kúrò lára rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ọ̀nà tí èmi náà fi máa ń la ibẹ̀ kọjá nìyẹn, àfi pé bí àwọn igi bá rí mi, wọ́n máa ń dìde kí mi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ kàn ni Ìlú Ẹ̀yinná. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù, àwọn ará ibẹ̀ lọ́yàyà ju àwa lọ. Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yinná pípọ́n ni ara wọn, wọ́n ń tàn yòò bí ààrò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn àlejò dé ibi tí àlejò fi máa ń sá fún wọn. Bí wọ́n ti rí Ọdẹ́bùnmi àti nọ́ọ̀sì ni wọ́n ya bò wọ́n.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn! Ara kò le bí? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ọba wọn, Ọba Yánayána, jáde fúnra rẹ̀, adé rẹ̀ ń ta pàrà bí epo tó kan iná. Ó ní, "Àṣà wa ni pé ẹrù àlejò kì í jókòó síta nínú òtútù. Ẹ gbé àpótí wọn lọ sínú ààrò ńlá ààfin, kí ara rẹ̀ lè yá."

Àwọn ìránṣẹ́ na ọwọ́ pípọ́n wọn. Nọ́ọ̀sì Ìbídùn figbe bọ ẹnu, ó fò síwájú kúlà, ó na apá rẹ̀ méjèèjì. Ìwà àìmoore ni wọ́n ka irú èyí sí, ojú ọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí irin tí alágbẹ̀dẹ mú gbóná jù. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí mọ̀ pé ìbọn kò lè ran ènìyàn lọ́wọ́ níbẹ̀, ẹ̀tù á kàn bú gbàmù ni. Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnìkan gbọ́, "Kábíyèsí, ẹ dárí jì wá. Àwọn tó wà nínú àpótí yìí ń sùn ni."

Ọba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ń sùn?"

"Wọ́n ti ń sùn láti Ìlákọ. Òkè-Ẹyẹlé ni wọ́n máa jí sí, iṣẹ́ ńlá sì wà níwájú wọn níbẹ̀. Bí ara wọn bá gbóná, wọn á jí lójú ọ̀nà, a ò ní rí wọn mú ṣiṣẹ́ mọ́."

Àwọn ará Ìlú Ẹ̀yinná kórìíra kí a jí àlejò ju kí a bú wọn lọ. Kíá ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Ìyá kan gbá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu nítorí pé ó sín. Ṣùgbọ́n ọba tún rántí nǹkan: ẹni tó ń sùn gbọ́dọ̀ bo aṣọ. Wọ́n sì gbé aṣọ ìborùn kan wá tí wọ́n fi èéfín àti eérú gbígbóná hun.

Nọ́ọ̀sì Ìbídùn ló gba èyí sílẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, níbi tí wọ́n ti wá, aṣọ tútù ni wọ́n ń bò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní kànga?"

Wọ́n ní ọ̀kan, lẹ́yìn odi, níbi tí ẹnikẹ́ni wọn kì í dé. Nọ́ọ̀sì gbé kúlà lọ síbẹ̀, ó gbé e sábẹ́ òjìji ògiri, ó rẹ ìró rẹ̀ sínú omi, ó fi bò ó, ó jókòó tì í. Ọdẹ́bùnmi ló lọ jẹ àsè fún àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin ará, mo ti jẹ ata rí, ẹ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí wọ́n gbé fún àbúrò mi ń hó nínú àwo síbẹ̀síbẹ̀, iyán ń yọ èéfín, omi mímu ń jó lókè bí àtùpà. Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ní ó dùn. Omijé tó ń dà lójú rẹ̀, ọba rò pé ti ayọ̀ ni, ó sì gbá a mọ́ra nígbà tó ń dágbére. Ẹ wá wo ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ nílé mi lọ́la, ojú ọwọ́ ọba ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ dúdúúdú.

Wọ́n bọ́ nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti rìn jìnnà díẹ̀, nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ wo tẹmómítà, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Màmá, yìnyín wa ti yọ́. Ó ti ń sún mọ́ mẹ́jọ."

Ọdẹ́bùnmi rántí Dúródọlá nínú ọ̀já ìyá rẹ̀, ó sì rántí igbe àkùkọ yẹn láti inú ilé kejì. Ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ kan fẹ́ wá láti ìsàlẹ̀ àfonífojì kan, ó tutù tó bẹ́ẹ̀ tí eyín Ọdẹ́bùnmi fi ń lu ara wọn. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ gbogbo ewé funfun, gbogbo ewé gan. Arúgbó obìnrin kan jókòó láàárín wọn, irun rẹ̀ jẹ́ yìnyín, ìka rẹ̀ jẹ́ yìnyín, àyà rẹ̀ ga bí òkè àpáta tí ìrì bò. Màmá Ọ̀gìnìntìn nìyẹn. Mo ti rí i lókèèrè lẹ́ẹ̀kan rí. Èmi kò sá o. Mo kàn yára kúrò ni.

Ó ní, "Àwọn ọmọ mi, mo gbọ́ pé òtútù lẹ ń wá. Ẹ gbé e wá sórí itan mi."

Ọdẹ́bùnmi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀já. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run ti gbọ́. Òtútù la ń wá, òtútù ló ń pè wá yìí."

Nọ́ọ̀sì Ìbídùn di ọ̀já náà mú. "Màmá, ẹ má ṣe é! Bó bá dé itan rẹ̀, kí a tó ṣẹ́jú, ó ti dì. A tún máa dé Òkè-Ẹyẹlé, inú gbogbo ènìyàn á dùn, a máa gún àwọn ọmọ, ikọ́ á sì mú wọn."

Màmá Ọ̀gìnìntìn gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn," ni ó wí. "Gbogbo ẹni tó bá kọjá, sísá ni. Mo fẹ́ ṣe wọ́n lóore, wọ́n ń sá. Ẹ̀yin kò ní sá." Ó mí, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn sì dì, bàtà wọn lẹ̀ mọ́ ọn gbagidi. "Ẹ kò ní kúrò níbí láìgba nǹkan lọ́wọ́ mi."

Ọdẹ́bùnmi fa ẹsẹ̀, kò yọ. Ó wo tẹmómítà, ó wo arúgbó náà dáadáa. Ó rí i pé kì í ṣe ìkà ló wà lójú rẹ̀. Ojú ẹni tí ẹnikẹ́ni kì í yà kí ni.

Ó ní, "Màmá, a ó gbà á. Ta ni ó kọ̀? Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ti fẹ́ ẹ. Ẹ bá wa di àwọn ike omi yìí mú kí wọ́n dì. Lẹ́yìn náà kí wọ́n làágùn díẹ̀."

"Làágùn?" Màmá Ọ̀gìnìntìn wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n sọ èdè àjèjì sí. "Láti ìgbà tí mo ti wà, èmi kò làágùn rí. Ohun tí mo bá fọwọ́ kàn, ó dì nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì ṣí kúlà wìì, ó yọ àwọn ike tó ti yọ́, ó dé e padà kíá. Màmá Ọ̀gìnìntìn gbá wọn mú, wọ́n sì dì, ó le ju òkúta lọ. Nọ́ọ̀sì mì wọ́n: kò sí ìró kankan. Ó mì orí. Nínú òtútù yẹn, wọ́n lè dúró di ọjọ́ kejì, wọn kò ní làágùn.

Ibí ni àbúrò mi ti ṣe ohun tí mi ò ní dárí rẹ̀ jì í. Ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣe, ó ní, "Màmá, bí a ti ń dúró yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fún yín. Ọdẹ́wọlé lorúkọ rẹ̀."

Ó ní lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí nǹkan ń bú ramúramù nínú ahéré oko. Mo gun igi ìrókò lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kìnnìún ti wọ oko wa, kí gbogbo ọdẹ Ìlákọ gbá jọ. Ó ní gbogbo wọn dé pẹ̀lú ìbọn, wọ́n yí ahéré ká, olórí ọdẹ fi ikùn rá wọlé, ó sì bá baba ìyàwó mi níbẹ̀ lórí ẹní, tó ń hanrun. Ó ní nígbà tí wọ́n jí baba náà, tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, tó wò mí lórí igi, ó ní, "Àna mi, bí o bá ti wà lókè yẹn, bá mi ká obì bọ̀."

Irọ́ ni! Ẹ̀yin ará, irọ́ ni! Ìrókò kì í so obì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kí ẹ sì tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ẹni tó bá ti gbọ́ kí baba yẹn máa hanrun rí nìkan ni kó dá mi lẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n Màmá Ọ̀gìnìntìn kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ó kọ́kọ́ ṣe hìn-ín. Ó tún ṣe hìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ẹ̀rín tí kò tíì rín láti ọjọ́ pípẹ́, ó ń gòkè bọ̀, yìnyín àyà rẹ̀ ń dún fàà, fàà, títí tó fi bú jáde. "Ká obì bọ̀!" ni ó ń wí, "ká obì bọ̀!" Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán ní ìka rẹ̀. Omi ń kán ní irun rẹ̀. Àwọn ewé gígan yẹn rọ̀, wọ́n tún padà ní àwọ̀ ewé. Òógùn sì yọ lára àwọn ike tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kínkíní, kínkíní. Nọ́ọ̀sì Ìbídùn gba ọ̀kan, ó mì í sẹ́bàá etí, ó gbọ́ ìró omi.

Ó pariwo, "Ó tó! Màmá, ó tó gẹ́lẹ́!"

Wọ́n tò wọ́n padà, wọ́n dé kúlà. Ilẹ̀ ti tú ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀. Màmá Ọ̀gìnìntìn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ sọ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ fún mi. Àwọn yòókù kàn ń sá ni." Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí i.

Ó ku ìlú kan ṣoṣo kí wọ́n tó jáde nínú igbó. Ìlú Yọjúyọjú ni. Ọrùn àwọn ará ibẹ̀ gùn bí ọ̀pá tí a fi ń já ọsàn, wọ́n sì máa ń fi yọjú sí gbogbo nǹkan: inú ìkòkò ọlọ́bẹ̀, inú àpò àlejò, inú ẹnu ẹni tó bá yán. Wọn kì í jalè, wọn kì í jà. Wọ́n kàn fẹ́ rí i ni. Kò sì sí ẹrù dídé tó gbọdọ̀ kọjá láìjẹ́ pé gbogbo ìlú ti yọjú wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Baálẹ̀ wọn na ọrùn yí kúlà ká. "Kí ló wà níbẹ̀? Ẹ ṣí i, ká wò ó fìrí."

Nọ́ọ̀sì wo èrò tó tò lọ bí ejò. Bí olúkúlùkù bá wò ó fìrí, gbogbo òtútù tí Màmá Ọ̀gìnìntìn fún wọn á bá afẹ́fẹ́ lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, a kò lè ṣí i," ni ó wí. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ti fi ọwọ́ lé ìdérí.

Ọdẹ́bùnmi bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Baálẹ̀, mo rò pé ọlọ́gbọ́n ni yín! Ìlú tí mo ti ń bọ̀, ojú nìkan ni ẹni tí kò bá ní làákàyè fi ń wo nǹkan. Ẹni tó bá ní in, á fi orí wò ó. Ṣé ẹ lè fi orí wò ó?"

Baálẹ̀ yọ ọwọ́ kúrò. "Ta ni kò lè fi orí wò ó?"

"Ó dáa. Ẹ gbọ́: ó ń gba ọmọdé lọ́wọ́ ikú, kò ní ọwọ́. Ó ń bẹ̀rù oòrùn, kò ní awọ. Ó ń bẹ̀rù yìnyín, kò ní eegun. Ọmọ tó bá pàdé rẹ̀ á sunkún, ìyá ọmọ á dúpẹ́. Kí ni?"

Gbogbo wọn fi orí wò ó. Lẹ́yìn náà ọkùnrin kan ní, "Ẹyin adìẹ!" Aládùúgbò rẹ̀ ní, "Ẹyin adìẹ wo ló ń mú ọmọ sunkún? Àgbo ni!" Ìyàwó Baálẹ̀ ní ìyá ọkọ ni. Baálẹ̀ ní kí ló fẹ́ fi ìyẹn sọ. Ọrùn ń lọ́ mọ́ ọrùn, ariwo sọ, ẹnìkan ń wá ẹ̀rí, ẹnìkan ń búra. Ọdẹ́bùnmi gbé kúlà pọ̀n, ó fọwọ́ fa nọ́ọ̀sì, wọ́n gba àárín wọn kọjá, kò sì sí ẹni tó yọjú wò wọ́n.

Bí wọ́n ṣe dé Òkè-Ẹyẹlé nìyẹn, oòrùn ṣì wà lókè. Ikọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ kí wọ́n tó rí ilé. Ṣijúadé sáré jáde, Dúródọlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ojú ńlá wo ìyá àgbà rẹ̀. Kò húkọ́. Ọdẹ́bùnmi fi ọwọ́ kan orí ọmọ náà.

Gbogbo ìyá tó ní ọmọ ọwọ́ ti gbá jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì Ìbídùn kò yọ abẹ́rẹ́. Ó jókòó, ó gbé kúlà síwájú, ó wo tẹmómítà títí. Ó ṣí ìdérí, ó mú ìgò kan, ó wo àmì tó wà lára rẹ̀ tó máa ń dúdú bí ooru bá ti pa oògùn náà. Lẹ́yìn náà ó mì í, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó bóyá nǹkan funfun yóò sáré lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ti oògùn tó ti dì rí. Ọdẹ́bùnmi tó jẹ ọbẹ̀ iná, tó fi irọ́ nípa mi pa Màmá Ọ̀gìnìntìn lẹ́rìn-ín, yí ojú kúrò lára ìgò náà. Ó ní títí di òní, kò sí ibi tí ẹ̀rù ti bà á nínú gbogbo ìrìn yẹn bí abẹ́ máńgòrò.

Nọ́ọ̀sì sọ ìgò náà kalẹ̀. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ní, "Ó dára. Gbogbo rẹ̀ ló dára."

Ariwo tí àwọn ìyá yẹn pa, àwa ní Ìlákọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Ọmọ kìíní tí wọ́n gún ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbààgbà fi pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó kan Dúródọlá, ó wo abẹ́rẹ́, ó wo nọ́ọ̀sì, ó sì tọ̀ sí i lára kó tó ké. Nọ́ọ̀sì Ìbídùn ní irú ẹ̀ ló máa ń pẹ́ láyé. Ó tọ́jú àwọn tó ti ń húkọ́ pẹ̀lú oògùn tirẹ̀, ó bá àwọn ìyá wọn jókòó, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tọ́jú wọn. Kò tún sí ọmọ tí wọ́n sin. Díẹ̀díẹ̀ ni igbe àkùkọ yẹn dínkù ní ìlú náà, títí tó fi jẹ́ pé àkùkọ gan-an nìkan ló kù tó ń ké.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan kò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un gún. Nígbà tí àkókò rẹ̀ pé, Ọdẹ́bùnmi tún pọn kúlà, àwọn méjèèjì tún dé. Àwọn ọmọ tó ti lè rìn, tí wọ́n ti gba tiwọn nígbà àkọ́kọ́, rí i láti òkèèrè. Wọn kò kí i. Wọn kò dúró. Wọ́n fọ́n ká bí adìẹ tó rí àṣá: òmíràn wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òmíràn gun máńgòrò, ọ̀kan kó sínú garawa ìyá rẹ̀ ó sì fi ìdérí bo orí ara rẹ̀. Obìnrin tí Ọba Yánayána gbá mọ́ra, tí Màmá Ọ̀gìnìntìn rín ẹ̀rín fún, sáré kiri ìlú títí ọ̀sán fi pọ́n, kò rí ọ̀kan mú. Àwọn ìyá wọn ló fi àkàrà tàn wọ́n jáde.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Kí ikọ́ má wọ ilé ẹni tó gbọ́ ọ, kí ọ̀rọ̀ má gbẹ lẹ́nu èmi tó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n mu omi.